Accra: Ìlú tí Fóònù ti Ń Júwe Ilé

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Èkó lówùúrọ̀, tó forí lé Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ghánà, yóò rin nǹkan bí 460 kìlómítà kó tó gúnlẹ̀. Ẹnubodè mẹ́ta ni èrò inú rẹ̀ yóò là kọjá: Sẹ̀mẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, Hilla-Condji láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, àti Aflao láàárín Tógò àti Ghánà. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, àwọn aṣọ́bodè yóò béèrè ìwé ìrìnnà, àwọn tó ń pààrọ̀ owó yóò sì na sẹ́fà àti sídì síni lójú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó máa ń ṣáájú gbogbo wọn mọ̀ pé àlejò ti wọ̀lú. Fóònù tó wà nínú àpò èrò náà ni. Kí ẹsẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ kejì dáadáa, fóònù á ti dún. Iṣẹ́ ti wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ìlú tuntun. Ó ń kí i káàbọ̀, ó sì ń sọ iye tí yóò máa san bó bá fẹ́ pe ilé.

Ta ló sọ fún ilé-iṣẹ́ náà pé ẹni yìí ti dé? Fóònù fúnra rẹ̀ ni. Gbogbo fóònù tó bá wà ní títàn ló máa ń kí òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù lọ, ìbáà jẹ́ pé olówó rẹ̀ ń pe ẹnikẹ́ni tàbí kò pè. Bó bá ti kúrò lábẹ́ òpó kan, òmíràn ni yóò tún kí. Bí omi sì ti ń ṣàn láti ilẹ̀ ẹnìkan dé ilẹ̀ ẹlòmíràn láìbéèrè ààlà, bẹ́ẹ̀ ni ìkíni yìí ń lọ láti òpó dé òpó, láti Èkó títí dé Accra.

Láti orí gbòǹgbò yìí ni òwò tuntun tó gbòde kan ní Accra ti hù. Ọlọ́jà ayé àtijọ́ máa ń bi oníbàárà pé, "Kí lẹ fẹ́ rà?" Ọlọ́jà òde òní ń kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ pé, "Ibo lẹ wà?" kó tó kan ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Kì í sì í fẹnu béèrè. Ẹ̀rọ ló ń bá a béèrè.

ỌGBỌ́N OJÚ Ọ̀RUN

Òpó ìbánisọ̀rọ̀ nìkan kò tó fún òwò yìí, nítorí àdúgbò ló mọ̀, kò mọ ojúlé. Ohun tó mọ ojúlé wà lókè réré. Ìjọba Amẹ́ríkà ló gbé àwọn sátẹ́láìtì tí wọ́n ń pè ní GPS sójú òfurufú, ètò náà sì pé perepere ní ọdún 1995. Sátẹ́láìtì 24 ló nílò ó kéré tán, wọ́n sì ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Ohun méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde tọ̀sán-tòru: ibi tí òun wà, àti iye tí aago òun lù. Fóònù á gbọ́ ìkéde náà, á wo bó ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, á sì ti ibẹ̀ mọ bí sátẹ́láìtì náà ti jìnnà tó. Bó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó ti mọ ibi tí òun dúró sí. Sátẹ́láìtì kò mọ ẹni tó ń gbọ́ òun, gẹ́gẹ́ bí ládàánì kò ti mọ iye ẹni tí ìpè rẹ̀ dé etí wọn. Fóònù àti ilé-iṣẹ́ tó ni ètò orí rẹ̀ ló mọ̀, àwọn ló sì ń sọ ọ́ fún ọlọ́jà.

Ogun ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfurufú Korean Air Lines kan ṣìnà wọ ojú òfurufú Soviet Union, àwọn ológun ibẹ̀ sì yìn ín níbọn bọ́ láti òkè. Èèyàn 269 ló bá a lọ. Lẹ́yìn àjálù yìí ni Ààrẹ Ronald Reagan kéde pé gbogbo ayé yóò lè lo GPS lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ti parí. Síbẹ̀, àwọn ológun Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìkéde náà rú fún ará ìlú, tó fi lè fi 100 mítà ṣìnà. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá mọ bí ilé ti fún mọ́ra tó ní àdúgbò Nima ní Accra yóò mọ ohun tí 100 mítà túmọ̀ sí: agbo ilé bíi mélòó kan ni. Ká ní wọn kò mú àṣìṣe yẹn kúrò ni, kò sí ọlọ́jà tí ì bá gbẹ́kẹ̀ lé e gbé ọbẹ̀ gbígbóná dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

ÌLÚ ÈÈRÀ

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé láti inú "Nkran", ọ̀rọ̀ àwọn Akan tó túmọ̀ sí èèrà, ni orúkọ Accra ti wá. Orúkọ náà bá ìlú ọ̀hún mu. Láti ọdún 1877 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbé olú-ìlú wọn kúrò ní Cape Coast wá síbẹ̀ ni èèyàn ti ń ya wọ̀ ọ́. Nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tó ń gbé ní agbègbè Accra Ńlá ti ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ. Ẹni tó bá dúró ní Kwame Nkrumah Circle ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí wọn bí wọ́n ti ń wọ́ bí èèrà: àwọn obìnrin tó ru omi tútù, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta fóònù ní òpópónà Tip Toe, àti àwọn ọmọ ọkọ̀ trotro, ìyẹn dánfó tiwọn, tí wọ́n ń pariwo "Circ! Circ! Circ!" títí ohùn á fi há.

Èèrà kì í ṣìnà, nítorí olúkúlùkù wọn ló ń gbọ́ òórùn ipa ọ̀nà. Ará Accra náà ní òórùn tirẹ̀ tó ń tọ̀. Ọ̀pọ̀ òpópónà ló wà fún ìgbà pípẹ́ láìní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ń lò, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní nọ́ńbà. Igi, mọ́ṣáláṣí, ilé epo àti ìsọ̀ oúnjẹ ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìbàdàn àti ní Múṣin. Bí ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà kiri bá pe ìyá kan ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní New Town, bí ọ̀rọ̀ wọn ti máa ń lọ nìyí:

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ti kúrò ní Circle. Ibo ni kí n gbà?"

"Máa bọ̀ lọ́nà New Town, ọmọ mi. Bó o bá rí mọ́ṣáláṣí, má yà níbẹ̀ o. Ṣá máa bọ̀ títí wàá fi rí obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni kó o gbà."

"Màmá, mi ò rí obìnrin kankan níbí o."

"Áà! Àbí ó ti tà tán, ó ti lọ sílé?"

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n owó ń ṣòfò nínú rẹ̀. Epo alùpùpù ń jó, ọbẹ̀ ń tutù, oníbàárà kejì sì ń bínú lójúlé míràn. Èyí tó tún ga jù ni pé ẹni tí kò ní àdírẹ́sì kò rọrùn fún báńkì láti yá lówó, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè wá a tì lóru, lẹ́tà ilé-ẹjọ́ pàápàá lè má dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tó mú kí ìjọba Ghánà gbé ìgbésẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2017, Ààrẹ Nana Akufo-Addo ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní GhanaPostGPS. Wọ́n pín gbogbo ilẹ̀ Ghánà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, tí ìbú àti òró ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà márùn-ún, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Lẹ́tà méjì ló ń ṣáájú, tí wọ́n ń tọ́ka sí ẹkùn àti agbègbè, bíi GA fún Accra àti AK fún Kumasi. Nọ́ńbà ló sì ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó ṣí ètò náà lórí fóònù yóò rí àdírẹ́sì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé alájà mẹ́wàá ní nọ́ńbà, ìsọ̀ obìnrin oníkẹ́ńkẹ́ náà sì ní tirẹ̀, ìbáà ti lọ sílé tàbí kò lọ.

Awuyewuye kò ṣaláì bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìròyìn jáde pé nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là ni owó iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ló béèrè pé kí ni ìjọba ń sanwó fún, nígbà tí máàpù Google ti wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ètò náà dáhùn pé máàpù Google kì í ṣe àdírẹ́sì tí òfin mọ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ìjọba àti ti báńkì ló ti ń béèrè nọ́ńbà yìí, wọ́n sì ti kàn án mọ́ ara ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà ṣì ń pe oníbàárà lórí fóònù, nítorí nọ́ńbà kò lè sọ fún un pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kó gbà, tàbí pé ajá wà nínú ọgbà.

Ẹ jẹ́ kó yé ni pé "ọkada" yìí náà ni àwọn ará Ghánà ń pe alùpùpù akérò. Ọ̀dọ̀ Nàìjíríà ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ náà, níbi tó ti wá láti ara orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air.

OWÓ TÓ Ń RÌN LÓRÍ FÓÒNÙ

Mímọ ilé nìkan kò lè sọ nǹkan di òwò bí kò bá sí ọ̀nà tí owó yóò gbà. Ọ̀nà yẹn ti wà ní Ghánà kí nọ́ńbà ilé tó dé. Ọdún 2009 ni MTN bẹ̀rẹ̀ owó orí fóònù níbẹ̀, èyí tí tolórí-tẹlẹ́mù ń pè ní MoMo. Kò gba fóònù olówó ńlá. Ẹni tó bá tẹ *170# lórí fóònù tí kò ju ti pípè lásán lọ lè fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní abúlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n so àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ pọ̀, owó sì lè ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Lónìí, ní ọjà Makola, paálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà MoMo sí ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì àti aṣọ, àwọn tó ń bá wọn gba owó sì jókòó sábẹ́ agbòòrùn ní gbogbo ìkóríta. Àwọn pàápàá ti di ohun tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà.

Ìjọba rí i pé owó ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sì na ọwọ́ sí i. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022, owó orí kan tí wọ́n ń pè ní E-levy bẹ̀rẹ̀ sí í bù ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí èèyàn bá fi ránṣẹ́ ju 100 sídì lọ lóòjọ́. Ariwo pọ̀. Wọ́n dín in kù sí ìdá kan ní ọdún 2023, ìjọba Ààrẹ John Mahama sì fagi lé e pátápátá ní ọdún 2025.

Nígbà tí mímọ ibi àti sísan owó pàdé, òwò yí padà. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Uber wọ Accra, Bolt àti Yango sì tẹ̀ lé e. Kí wọ́n tó dé, ẹni tó bá fẹ́ wọ takisí yóò dúró ní títì, yóò ná an, yóò ṣe bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, awakọ̀ á sì pè é padà. Ní báyìí, fóònù ló ń ná an. Ó mọ ibi tí èrò wà, ó mọ ibi tí awakọ̀ wà, ó sì mọ bí èrò ti pọ̀ tó. Bí òjò bá sú, iye owó á fò sókè kí ẹ̀kán òjò kìíní tó kán sílẹ̀. Èrò kò lè bínú sí awakọ̀, nítorí òun kọ́ ló dá iye náà. Awakọ̀ náà sì ń ráhùn pé ilé-iṣẹ́ ń bù nínú owó òun. Èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kọ́kọ́ pe èrò láti béèrè pé, "Ibo lẹ̀ ń lọ? Ṣé owó ọwọ́ ni àbí ti orí fóònù?" Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á kọ iṣẹ́ náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ojúlé oníbàárà ló ń jèrè. Ilé-iṣẹ́ Glovo láti Spéènì, tó ń fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri, wọ Ghánà ní ọdún 2021. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ló kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ojúlé kò sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrè ni kò rí.

BÍ ỌJÀ BÁ ṢÍ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ibi fi ṣe kókó fún ọlọ́jà, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin Accra. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, ìjọba ológun Jerry Rawlings wó ọjà Makola Kìíní palẹ̀. Ọdún 1924 ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ọlọ́jà ń kó ọjà pamọ́, wọ́n sì ń fowó lé e. Ilẹ̀ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni Rawlings Park. Ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n kó àwọn alálùbọ́sà kúrò ní Agbogbloshie lọ sí Adjen Kotoku, ìta ìlú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 2025, iná jó ọjà Kantamanto, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti ń ta aṣọ òkìrìkà.

Ní ọdún 1979, ẹni tí wọ́n wó ìsọ̀ rẹ̀ pàdánù oníbàárà rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nítorí ìsọ̀ náà ni àdírẹ́sì rẹ̀. Ọlọ́jà tòde òní tó ní nọ́ńbà MoMo, tó sì ní orúkọ lórí máàpù, lè gbé ọjà rẹ̀ lọ síbòmíràn, kó yí àmì rẹ̀ padà lórí fóònù, kí oníbàárà sì tọ̀ ọ́ lọ. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀wé, tó ní fóònù tó dára, ló kọ́kọ́ ń rí i gbà. Ìyá àgbà alálùbọ́sà tí kò mọ bí wọ́n ti ń fi orúkọ sórí máàpù wà níbẹ̀ bí ẹni tí kò sí. Ọmọ tó bá wá láti ìgboro yóò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé òun ń wá àlùbọ́sà, ìsọ̀ ẹlòmíràn ni fóònù yóò sì mú un lọ.

LAGOS TOWN

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gan-an. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town lónìí, Lagos Town ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbòho tan ká gbogbo Ghánà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n sì ń bímọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjòjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó máa lọ. Ẹni tó ta ọjà láwìn kò rí owó rẹ̀ gbà, ẹni tó kọ́lé tà á ní ìdákúdà. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghánà, tí orúkọ báàgì wọn di "Ghana Must Go" títí dòní. Kò sí èyí tó lè fi èkejì ṣe ẹlẹ́yà.

Òfin ìdókòwò tí Ghánà ṣe ní ọdún 2013 là á kalẹ̀ pé àjòjì kò gbọ́dọ̀ tajà nínú ọjà, lórí àtẹ tàbí ní ìkiri, àti pé àjòjì tó bá fẹ́ ṣòwò títà-rírà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Ní Circle, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Ghánà àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ta fóònù ti forí gbárí lórí rẹ̀ léraléra, wọ́n sì ti ti ọ̀pọ̀ ìsọ̀ pa. Ibo wá ni ìsọ̀ ẹni tó ń tajà láti inú yàrá rẹ̀ wà, tó ń gba owó lórí fóònù, tí alùpùpù sì ń bá a gbé ọjà lọ? Ṣé inú ọjà ló wà ni, àbí inú fóònù? Ìbéèrè tí yóò máa da àwọn amòfin láàmú nìyẹn. Ohun tó dájú ni pé àmì tó ń mú oníbàárà wá sí ẹnu ọ̀nà lè mú ẹlòmíràn wá síbẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà ni ìṣọ́ra fi yẹ. Ẹni tó bá mọ ibi tí èèyàn ń sùn, ilé ìwòsàn tó ń yà sí àti ilé ìjọsìn tó ń lọ, mọ̀ ọ́n ju iyèkan rẹ̀ lọ. Ghánà ti ṣe òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú ní ọdún 2012, Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni fóònù ni aṣọ́bodè àkọ́kọ́. Ó lè pàṣẹ fún un pé kí ètò kan mọ ibi tí òun wà nígbà tí òun bá ń lò ó nìkan, kó sì pa ojú rẹ̀ dé bí òun bá ti ṣe tán. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ó sì yẹ kí ọmọ ilé fi han àwọn àgbà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní New Town lónìí, nọ́ńbà tuntun ti wà fún ilé kọ̀ọ̀kan, àti àwọn èyí tí ọwọ́ Yorùbá kọ́ kí ọdún 1969 tó dé. Ọlọ́kadà yóò tẹ nọ́ńbà náà, yóò sì bá a dé ẹnu ọ̀nà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́ ilé náà àti ibi tó wọlẹ̀ sí, àfi kó pa alùpùpù rẹ̀, kó sì kí àwọn àgbà tó jókòó sí ìta.